E350, 535i, GS 350 àbí A6: èwo ni ẹ́ńjìnì àti gíà rẹ̀ lè fara da súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó?

Adé_Òjúẹlẹ́gba (Ọjọ́ Ajé)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń yọjú síbí láti ka ọ̀rọ̀ yín, láti ìgbà tí èmi àti Corolla 2005 ti jọ ń jà, ṣùgbọ́n mi ò dá sí i rí. Owó kékeré kan wọlé, mo sì fẹ́ kúrò nínú ọkọ̀ tí gbogbo àdúgbò máa ń yá láti fi kó síméńtì.

Tòkunbọ̀ ni mo fẹ́ rà, 2012 sí 2014, ti Amẹ́ríkà. Mẹ́rin ni mo ń wò: Mercedes E350, BMW 535i, Lexus GS 350 àti Audi A6 3.0T. Tó bá jẹ́ agbára orí ìwé ni, wọn ò jìnnà síra rárá: Benz 302 hp, BMW 300, Lexus 306, Audi 310. Ìyẹn ò lè bá mi yàn. Inú wọn ni mo fẹ́ mọ̀: irú ẹ́ńjìnì wo, irú gíà wo, kí ló máa ń kọ́kọ́ dà á láàmú, ta ló sì lè tún un ṣe.

Òjúẹlẹ́gba ni mò ń gbé, Victoria Island ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Afárá Third Mainland lójoojúmọ́, àlọ àtàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n ra Camry. Ìyàwó mi ti sọ ìyẹn.

Táyé_Agége

Ra Camry.

Rewáyà_Ládípọ̀

Táyé, Ọlọ́run ń wò ẹ́ o.

Adé, o káre tó o béèrè gíà pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì. Àwọn tó ń wá bá mi ní Ládípọ̀, V6 (sílíńdà mẹ́fà tó pín sọ́nà méjì bíi V) àti tọ́bò (ẹ̀rọ tí èéfín ń yí láti ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì) ló máa ń kún ẹnu wọn, wọn kì í dárúkọ gíà títí ọjọ́ tí gíà á fi dá wọn dúró sórí afárá. Nínú gosiló, iṣẹ́ gíà pọ̀ ju ti ẹ́ńjìnì lọ. Ẹ́ńjìnì kàn ń mí lásán ni. Gíà ló ń lọ sí 1, sí 2, tó tún ń padà sí 1, àìmọye ìgbà láti Adékúnlé títí dé Adéníjì Adélé.

Benz fúnra rẹ̀ ló ṣe tirẹ̀: 7G-Tronic, onípele 7, ó ti wà láti 2003. Gíà BMW yẹn, iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ ZF ní Jámánì ló ṣe é. 8HP ni wọ́n ń pè é, onípele 8, inú BMW 7 Series ló ti kọ́kọ́ jáde ní 2009. A6 3.0T ti Amẹ́ríkà náà, ZF onípele 8 yìí kan náà ló wà nínú ẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn méjì tó ń fojú di ara wọn nínú ìpolówó, ọmọ ìyá kan ló ń fà wọ́n. Range Rover, Jaguar, Bentley, títí dé Rolls-Royce, ọ̀dọ̀ ZF náà ni wọ́n ti ń ra gíà. Ti Lexus, Aisin ni, mọ̀lẹ́bí Toyota ní Japan. GS 350 ọdún 2013 jẹ́ onípele 6. Láti 2014, èyí tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í di onípele 8.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní torque converter. Àgbá kan ni, ó kún fún ọ́ìlì, ó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíà. Bó o ṣe ń wọ́ tẹ̀ lé dánfó lẹ́yìn, ọ́ìlì ló ń ti ọ́ìlì, kò sí irin tó ń ha irin. Ìdí nìyẹn tó fi lè fara da Èkó. Dual-clutch ni kó o ṣọ́ra fún, èyí tí Audi ń pè ní S tronic tí Porsche ń pè ní PDK. Kílọ́ọ̀ṣì gidi ni, méjì, kọ̀ǹpútà ló ń bá ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń yára bí ẹni ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n tó bá di pé ká wọ́ díẹ̀, ká dúró, ká tún wọ́ díẹ̀, ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. A6 3.0 ti Yúróòpù, S tronic ló wà nínú ẹ̀. Nítorí náà tí wọ́n bá ní A6 ni, bi wọ́n pé A6 ibo.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń pa gíà nílùú yìí ni "lifetime". BMW ní ọ́ìlì gíà á bá ọkọ̀ dọ́jọ́ alẹ́. ZF tó ṣe gíà ọ̀hún ní ká pààrọ̀ ẹ̀ láàárín 80,000 sí 120,000 kìlómítà, tàbí tó bá ti pé ọdún 8. Ọkọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ṣé kì í ṣe pé ó ti lo ayé kan tán ná?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró níbi tí wọ́n ti ń tú ọ̀kan. Agbada tó gba ọ́ìlì nísàlẹ̀ gíà yẹn, ike ni, asẹ́ wà nínú ẹ̀ lódindi, o ò lè ra asẹ́ nìkan. Ọ́ìlì tó dà jáde dúdú bí omi aró, ó ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná mọ́ ìkòkò. Àwọn mágínẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó wà nínú agbada ti hu irùngbọ̀n irin. Olówó ọkọ̀ ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀.

Ibi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń bà á jẹ́ pátápátá ni wíwọ̀n. Kò sí ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, kí síkáánà (ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀) máa fi hàn pé ooru ọ́ìlì gíà wà láàárín 30 sí 50 dígíìrì, kó o máa fún un wọlé títí á fi máa kán padà lójú ihò. Tí ẹ́ńjìnì bá kú nígbà tó o rọ ọ́, kò kún. Tó bá ti gbóná jù nígbà tó o rọ ọ́, kò kún náà ni. Gíà á wá máa sílípù, wọ́n á ní gíà ti lọ, wọ́n á mú ẹ lọ ra Bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn gíà àlòkù láti òkè òkun, ní owó tó lè sanwó ilé. Ọ́ìlì ló sì dín.

ÌyáÌbejì_Ajah

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Rewáyà. Ẹ má dá mi lóhùn tí mo bá sọ̀rọ̀ obìnrin.

Mi ò mọ ẹ́ńjìnì, ohun tí mo ń ná ni mo mọ̀. Lexus RX 350 ọdún 2010 ni mò ń wà, bàbá àwọn ìbejì ní RX 330 ṣáájú ìyẹn. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé 330 ní bẹ́líìtì tí wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ tó bá ti rin 90,000 máìlì, 350 ṣéènì ló ní, kò sẹ́ni tó yọ mí lẹ́nu lórí ìyẹn. Ẹ́ńjìnì tèmi yìí, òun náà ló wà nínú Sienna àti Highlander àti Camry V6. Ibikíbi tí ọkọ̀ bá dá mi dúró sí láti Ajah dé Iyana Ipaja, màá rẹ́ni tó ti tú irú ẹ̀ rí.

Torí náà, Adé, Táyé ò parọ́ tán o. Ra Camry tó wọ agbádá.

Táyé_Agége

Ẹ ṣeun, mà.

Injíníà_Yábàá

Mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ìyá wa ṣe díẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀. Ẹ́ńjìnì RX 350 yẹn ni 2GR-FE. Ti GS 350 ni 2GR-FSE. Àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìbejì. Ìyàtọ̀ lẹ́tà kan yẹn ló yẹ kí Adé gbọ́.

Nínú E350, 535i àti A6 yẹn, inú sílíńdà gan-an ni wọ́n ti ń fọ́n epo bẹntiróò, láìjẹ́ kó gba ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Agbára pọ̀ níbẹ̀, epo náà sì ń pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà àtijọ́, epo tó ń gba ẹ̀yìn fáàfù kọjá ló ń fọ̀ ọ́ mọ́. Ní báyìí kò sí ohun tó ń fọ̀ ọ́ mọ́, èéfín ọ́ìlì á máa lẹ̀ mọ́ ọn, á gan bí èèpá ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Tó bá pẹ́, ẹ́ńjìnì á máa gbọ̀n láàárọ̀, check engine á tàn, wọ́n á máa ta plọ́ọ̀gì fún ẹ lọ́tùn-ún lósì.

Toyota fi méjèèjì sínú 2GR-FSE: ẹnu tó ń fọ́n epo méjì ni sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní, ọ̀kan sínú sílíńdà, èkejì sẹ́yìn fáàfù. D-4S ni wọ́n ń pè é. Kò sí ariwo kankan lórí ẹ̀ nínú ìpolówó, síbẹ̀ tó bá jẹ́ èmi, òun nìkan tó láti mú mi yan GS.

Bimmer_Sùúrùlérè

Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ BMW bíi pé àǹjọ̀nú ni. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń wà á sọ̀rọ̀.

535i, mẹ́fà lórí ìlà kan ni sílíńdà rẹ̀. Benz, Lexus àti Audi yẹn, V6 ni gbogbo wọn. V6 kì í fara balẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnì Benz V6 àtijọ́, M272, ní irin pàtàkì kan tó ń yí nínú ẹ̀ láti dá gbígbọ̀n dúró, àwọn tó ṣáájú, bíi 2005 àti 2006, eyín irin ọ̀hún gan-an ló máa ń jẹ tán. Mẹ́fà orí ìlà kò nílò irú ẹ̀. Bí èyí ṣe ń lọ lókè ni tọ̀hún ń bọ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á pa gbígbọ̀n ara wọn. Ẹ gbé kọ́bọ̀ sórí ẹ́ńjìnì mi nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kò ní ṣubú. Tọ́bò kan ṣoṣo ni N55, ẹ́ńjìnì 535i yìí, ní, ọ̀nà èéfín méjì ló ń wọ inú ẹ̀ kí wọ́n má bàa dí ara wọn lọ́wọ́. Kí abẹ́rẹ́ RPM tó dé 1,500, gbogbo agbára tó fi ń fa ọkọ̀ ti délé.

Toyota tí ẹ fi ń búra, ta ló lọ bá nígbà tó fẹ́ ṣe Supra tuntun ní 2019? Ẹ́ńjìnì B58 ti BMW ló wà níwájú ẹ̀, gíà ZF ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo dákẹ́.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún Adé. Nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, wọ́tà pọ́ǹpù N55, iná ló ń yí i, kì í ṣe bẹ́líìtì. Ti bẹ́líìtì á ké, á jò, á fún ẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Tèyí kì í kìlọ̀. Tó bá kú lórí afárá, ó kú nìyẹn, tó o bá sì tún wà á lọ síwájú ní máìlì kan péré, orí ẹ́ńjìnì ti tẹ̀. Bó o bá rà á tó ò mọ ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀, pààrọ̀ pọ́ǹpù àti thermostat (ohun tó ń ṣí tó sì ń pa ọ̀nà omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára) pọ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi jáde.

Èkejì, bátìrì. Tó o bá pààrọ̀ bátìrì BMW, o gbọ́dọ̀ fi síkáánà sọ fún un pé tuntun ti dé, torí bí bátìrì bá ṣe dàgbà tó ló ṣe ń gbé iná fún un. Mo ra bátìrì lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan lẹ́bàá títì, ó ní "ọ̀gá, bátìrì ni bátìrì." Ọkọ̀ rò pé arúgbó ló ṣì wà níbẹ̀, ó ń rọ iná lé e lórí. Kò pé oṣù mẹ́jọ tó fi wú bí búrẹ́dì.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 550i tàn yín nítorí V8. Àárín V gan-an ni wọ́n kó tọ́bò méjèèjì sí nínú N63, ẹ́ńjìnì rẹ̀, ibi tó gbóná jù lọ nínú ẹ́ńjìnì. BMW fúnra rẹ̀ ṣe ètò ìtọ́jú pàtàkì kan fún un ní Amẹ́ríkà ní ìparí 2014. Tí òtútù Amẹ́ríkà bá lè ṣe é báyẹn, ẹ wá fojú inú wo Oshodi lóṣù kẹta.

Adé_Òjúẹlẹ́gba (Ìṣẹ́gun)

Ẹ ṣeun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rù ti ń bà mí díẹ̀. Mẹkáníìkì tó ń bá mi ṣe Corolla ní kí n má mikàn, èyíkéyìí tí mo bá rà, òun á yọ thermostat rẹ̀ dànù kó lè máa tutù nínú gosiló. Ṣé òótọ́ ni?

Rewáyà_Ládípọ̀

Háà. Sọ fún un pé mo kí i.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé torí kì í ṣe òun nìkan. Nígbà tí Peugeot 504 ṣì ń jayé, tí thermostat bá há, wọ́n á yọ ọ́, omi á máa ṣàn lọ fàlàlà, ọkọ̀ á tutù, gbogbo wa á jó. Ọpọlọ kò sí nínú ọkọ̀ nígbà yẹn. Ní báyìí brain box ń wo bí omi ṣe gbóná tó ní gbogbo ìgbà. Tó o bá yọ thermostat, omi kò ní gbóná dé ibi tó yẹ, ọkọ̀ á rò pé ìdájí ni. Á máa fún ẹ́ńjìnì ní epo àpọ̀jù bí ẹni ń fún aláìsàn lẹ́kọ, epo tó ṣẹ́kù á máa ṣàn wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì á ṣàn bí omi. Gíà náà á rò pé ilẹ̀ kò tíì mọ́, kò ní tètè gòkè, torque converter kò ní dì. Epo tó yẹ kó gbé ẹ lọ sọ́fíìsì fún ọ̀sẹ̀ kan, Ọjọ́rú lo máa padà sí fílíńsíteṣọ̀n. Nínú àwọn ọkọ̀ tó o dárúkọ yìí, kọ̀ǹpútà ló ń ṣí àwọn thermostat mìíràn fúnra ẹ̀, wáyà wà lẹ́nu ẹ̀. Tó o bá yọ ọ́, iná ò ní kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ọkọ̀ tó bá ń gbóná, ohun kan ló ń ṣe é. Radiétọ̀ lè ti dí, fáànù lè má ṣiṣẹ́, tàbí kó jẹ́ píọ̀ wọ́tà tí àwọn èèyàn ń dà sí i. Ẹ má da píọ̀ wọ́tà sínú ọkọ̀ Jámánì, ẹ dákun. Coolant ló ń gbà, èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀.

Quattro_Ìkẹjà

Kò sẹ́ni tó gbè Audi, èmi nìkan náà ni. Àlẹ̀mọ́ 3.0T yẹn ń purọ́, kò sí tọ́bò níbẹ̀. Supercharger ni, inú àárín V ló jókòó sí, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì ló ń yí i, torí náà o ò ní dúró de ohunkóhun, bó o bá ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ń lọ. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń wà á, láti 1980 ni Audi ti ń ṣe quattro. Tí òjò bá rọ̀ ní Ozumba, mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Aburú rẹ̀: páàtì kò pọ̀ ní Ládípọ̀ bíi ti Benz. Ẹ sì ṣọ́ra fún A6 2.0T tí táyà iwájú nìkan ń fà. CVT, gíà tí kò ní ìpele, ló wà nínú tìyẹn. Ẹ wò ó dáadáa lẹ́yìn bóòtù kí wọ́n má fi 2.0 ta 3.0 fún yín.

Àǹtí_Gbàgadà

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ hybrid, ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná pọ̀, kún un. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, mo ti pa RX 330 mi tì, mo ra RX 450h. Nínú gosiló, ẹ́ńjìnì máa ń sùn ni. Mo lè ti ìbẹ̀rẹ̀ afárá dé àárín rẹ̀ kí n má gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì, àfi ti fèrè ọkọ̀ àti ti àwọn tó ń ta gálà.

Ohun kan ni mo kọ́ nínú ìyà. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì ńlá wà, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láti tù ú lára wà níbi tí àwọn ọmọ máa ń gbé ẹsẹ̀ sí. Ìkìlọ̀ kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n dá owó bátìrì tuntun fún mi, mo sunkún. Ẹni tó tún un ṣe nígbẹ̀yìn tú àga sílẹ̀: èèpo ẹ̀pà, bísíkíìtì, ìdajì káàdì ilé ìwé. Ó fọ fáànù, ó dá gbogbo ẹ̀ padà, ìkìlọ̀ lọ.

Injíníà_Yábàá

Àǹtí, ẹ mà ṣeun. Kí n fi kún un pé wọ́n ń pe gíà yẹn ní e-CVT, orúkọ yẹn sì ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù. Kò ní bẹ́líìtì tàbí ṣéènì tó ń fà bíi ti àwọn CVT yòókù. Eyín irin tó ń yípo ara wọn ni, pẹ̀lú mọ́tọ̀ iná méjì. Kò sí kílọ́ọ̀ṣì tó ń pààrọ̀ ìpele kankan níbẹ̀. GS 450h wà tí Adé bá fẹ́, ṣùgbọ́n ṣọ̀wọ́n ni.

Awakọ̀_Ìkòyí (Ọjọ́rú)

Ọ̀gá ni mò ń wà, kì í ṣe tèmi. S-Class, Range Rover, G-Wagon, mo ti wà wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra tọwọ́ ara yín, ẹ fojú fo èyíkéyìí tó bá ní àpò afẹ́fẹ́ dípò síprínì, bí S-Class àti Range Rover. Ó dùn bí orí ẹní ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n gẹ̀gẹ̀ orí títì (bọ́ǹpù) nínú ẹ́sítéètì Lẹ́kí ga ju igbá lọ, tí àpò kan bá sì ń jò, ẹ̀rọ tó ń fọ́n afẹ́fẹ́ sí i á máa sá títí á fi jóná. Ẹ máa rí i láàárọ̀, ọkọ̀ á ti kúnlẹ̀ lápá kan bí ràkúnmí.

Ti epo: wo ẹ̀yìn ìdérí ojú epo. Àwọn tọ́bò wọ̀nyí fẹ́ epo tó dára. Ẹ rántí oṣù Kejì 2022, tí methanol pọ̀ jù nínú epo tó wọlé? Ọkọ̀ olówó ló kọ́kọ́ ń rú èéfín. Ibì kan náà ni mo ti ń ra epo látìgbà yẹn.

 

Adé_Òjúẹlẹ́gba

Ó ti kù sí méjì báyìí: E350 2012 tí mo rí ní Berger, àti GS 350 2014 níbẹ̀ náà. Bàbá Rewáyà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa yẹ̀ wọ́n wò?

Rewáyà_Ládípọ̀

Ọmọ mi, gbọ́ o.

E350 2012, M276 ni ẹ́ńjìnì rẹ̀. Èyí tó wà nínú 2010 àti 2011 ti Amẹ́ríkà, M272 ni, 268 hp, kí wọ́n má fi ìkan ta èkejì fún ẹ. Ohun tó ń ṣe M276, àárọ̀ nìkan lo ti lè gbọ́ ọ. Ọ́ìlì máa ń ṣàn kúrò lẹ́nu ohun tó ń fa ṣéènì le. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ sitáàtì ẹ̀ lẹ́yìn tó ti sùn mọ́jú, wàá gbọ́ bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ níwájú ẹ́ńjìnì, ìṣẹ́jú-àáyá méjì, mẹ́ta, ó tán. Tó bá ti gbóná, á dákẹ́ bí ọmọ dáadáa, kò sí etí tó lè mú un.

Nítorí náà, dé ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọkọ̀. Má sọ fún wọn ìgbà tó o ń bọ̀. Ohun tó o máa kọ́kọ́ ṣe, kó o tó kí ẹnikẹ́ni, gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn náà, fa bẹ́líìtì àga jáde títí dé òpin, gbogbo márùn-ún. Ẹrẹ̀ ìkún omi kì í kúrò nídìí bẹ́líìtì, wọn kì í rántí fọ ibẹ̀. Wàá rí ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tó dá dúró, ibi tí omi dé gan-an. Ọkọ̀ tó bá ti mumi, má bá wọn ná an, bó ti wù kó dára tó. Wáyà á máa jẹra ní ọdún mẹ́ta sí i, èmi náà á sì máa jẹun.

Síkáànì gbogbo module (àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké inú ọkọ̀), kì í ṣe ẹ́ńjìnì nìkan. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù àṣìṣe rẹ́ láàárọ̀ náà, síkáánà tó dára á fi hàn pé àyẹ̀wò inú ọkọ̀ kò tíì parí.

Gíà 7G yẹn: pákó wáyà kan wà nínú ọ́ìlì gíà, tó gbé sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí irin ṣe ń yí. Tó bá kú, ọkọ̀ á wọ inú ìpele kan, kò ní kúrò níbẹ̀, kò ní ju ìyẹn lọ. Àwọn kan á ní gíà ti kú. Irọ́ ni. Pákó yẹn ni. Ṣùgbọ́n o ò lè lọ gbé ti Bẹ́líjíọ̀mù sí i kó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ ọkọ̀ tó ti kọ́kọ́ wà ló gbà, àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún un kọ. Ọ́ìlì rẹ̀, búlúù ni fún 2012. Pupa wà fún àwọn tó ṣáájú. Má da méjèèjì pọ̀.

GS náà, tẹ́tí sí i láàárọ̀, wo abẹ́ ẹ̀ fún ọ́ìlì, wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò sí ohun púpọ̀ tí mo fẹ́ sọ lórí ẹ̀. Ìyẹn náà lóhun tó ń sọ.

Bimmer_Sùúrùlérè

Ẹ jọ gbàgbé 535i. Mo gbọ́.

Adé_Òjúẹlẹ́gba (Àbámẹ́ta)

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo wà ní Berger, aago méje ku díẹ̀. Mi ò sọ fún wọn pé mò ń bọ̀, àfi ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ ọmọ àwọn tó ń tà á. Mo rò pé ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.

E350 náà dúró ní ẹnu géètì, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹ ṣe wí. Ó gbóná. Mo bi ọ̀gbẹ́ni náà léèrè, ó ní oòrùn ni.

Rewáyà_Ládípọ̀

Oòrùn aago méje?

ÌyáÌbejì_Ajah

Adé, GS náà ńkọ́?

Adé_Òjúẹlẹ́gba

Ó wà lẹ́yìn pátápátá, láàárín Sienna méjì, eruku bò ó débi tí mo fi lè kọ orúkọ mi sí i. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù bí omi àmù. Mo ti fa bẹ́líìtì mẹ́ta jáde, wọ́n mọ́. Bátìrì ló ti kú, ọmọdékùnrin kan ti sáré lọ wá wáyà tí wọ́n máa fi jọ́ọ̀mpù ẹ̀. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ tó bá ti fẹ́ sitáàtì.